Ajá tó fẹ́ bá olówó rẹ̀ dé ìlú òyìnbó: Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni páálí ìrìnnà rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, ajá tó gbọ́ fèrè olówó rẹ̀ dáadáa náà lè dúró sẹ́yìn ní pápákọ̀ òfurufú bí ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò bá pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ wàhálà tí ènìyàn máa ń ṣe kó tó rí físà gbà. Àwọn tó mọ̀ pé wàhálà ajá lè ju ti ènìyàn lọ kò pọ̀.

Ìrìn-àjò kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn ará agbègbè yìí. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń lọ sí Gold Coast, èyí tó di Gánà lónìí, tí wọ́n ń tajà ní Tamale àti àwọn ìlú mìíràn ní apá àríwá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló di ẹrù wálé nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà yẹn, ènìyàn ló ń rìnrìn-àjò, ajá ló ń ṣọ́lé. Ajá ọdẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú igbó, ajá ilé ń gbó olè lóru, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọn a ju egungun àti àṣẹ́kù oúnjẹ sí i.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ará Lọ́ńdọ̀nù, Manchester, Houston àti Toronto. Àwọn kan ń ránṣẹ́ pe bàbá tàbí màmá pé kí wọ́n wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn mìíràn ń kó ìyàwó àti ọmọ wálé ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ náà a sì fẹ́ mú ajá tí wọ́n bá lọ́dọ̀ bàbá àgbà dání padà. Nínú ilé mìíràn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán, tí baálé ilé sì ti sùn, ajá nìkan ló kù tó ń sáré pàdé màmá bí wọ́n bá ti ọjà Akẹ̀sán dé. Bí ọmọ bá wá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta ní òkè òkun, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé: "Ta ni kí n fi Bingo sílẹ̀ fún?"

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú Bingo dání ní láti mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú tíkẹ́ẹ̀tì

Ká mú un pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá kan fẹ́ lọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún Kérésì. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà lọ, kó tó ronú nípa ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù. Dókítà yóò fi ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, sábẹ́ awọ ajá náà. Máíkíróṣípù ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú yóò fi mọ ajá náà, nítorí pé ajá tó ń jẹ́ Bingo àti Jack pọ̀ láyé.

Lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ajá náà gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ méjìlá kó tó gbà á, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ tàbí lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ sí i, òfin kò ka abẹ́rẹ́ náà sí, wọn yóò tún un gún ni.

Ó kéré tán, ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí dókítà tó fa ẹ̀jẹ̀ ajá náà. Ilé àyẹ̀wò tí àwọn ìjọba òkè òkun fọwọ́ sí nìkan ló lè yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ ni bóyá abẹ́rẹ́ ti mú ara ajá gbára dì láti bá àrùn náà jà, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU nínú mililítà kan. Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, ajá kò tíì lè lọ. Wọn yóò tún ka oṣù mẹ́ta gbáko láti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Ẹni tó bá gún ajá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọjọ́ 31 oṣù náà ló lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òpin oṣù Kẹwàá ni oṣù mẹ́ta yóò sì pé. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ Kérésì pẹ̀lú ajá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oṣù Keje kọjá lórí òun. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ti pẹ́ jù.

Ó tún ku oògùn aràn. Láàrin wákàtí 24 sí 120 kí ajá tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn tó ń pa aràn inú ìfun, kó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tó fún un sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí ìlera tí dókítà ẹranko ìjọba yóò fọwọ́ sí. Àjọ NAQS ti ìjọba àpapọ̀, tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹranko wò ní ẹnubodè àti pápákọ̀ òfurufú, ló ń fún ẹranko tó ń jáde kúrò ní Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

Ajá kì í bá olówó rẹ̀ jókòó nínú bàlúù tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ajá tí wọ́n kọ́ láti máa ran afọ́jú àti aláìlera lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹrù ni àwọn yòókù ń wọlé, nínú kéèjì tó fẹ̀ tó kí ajá lè dìde dúró, kó yí padà, kó sì nà gbalaja. Àwọn ajá tí imú wọn kúrú kì í lè mí dáadáa bí ooru bá mú, nítorí náà, ewu tiwọn pọ̀ ju ti ajá ìbílẹ̀ lọ. Bí bàlúù bá balẹ̀ sí Heathrow, ilé ìgbàlejò ẹranko tó wà níbẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé ajá lọ, kí wọ́n lè yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ wò. Bí ìwé kan bá lè díẹ̀, wọ́n lè sé ajá náà mọ́ fún oṣù mẹ́rin, olówó rẹ̀ ni yóò sì san owó rẹ̀.

Irú ajá kan sì wà tí ìwé kankan kò lè gbà wọlé lásán. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1991 ka pit bull terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro léèwọ̀. XL Bully dara pọ̀ mọ́ wọn ní òpin ọdún 2023.

Amẹ́ríkà náà kò rọrùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ajá tí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè wọ ibẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí ibi tí dìgbòlugi ajá ti wọ́pọ̀, nítorí náà, ajá tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ níbí gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan nínú àwọn pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n yàn wọlé, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Bí kò bá ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 28 ni yóò lò nínú ìsémọ́.

Ẹ̀rù kí ló ń bà wọ́n?

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí lè bínú pé òyìnbó fẹ́ràn ìwé jù. Ṣùgbọ́n àrùn kan ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àrùn náà sì ní orúkọ lédè Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàlúù: dìgbòlugi.

Kòkòrò àrùn yìí ń gbé inú itọ́ ajá tó ní in. Bí ajá náà bá gé ènìyàn tàbí ẹranko jẹ, kòkòrò yóò gba ojú ọgbẹ́ wọlé, yóò tọ iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ìrìn náà máa ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó pẹ́ tó ọdún kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ara ẹni náà lè dá ṣáṣá. Nígbà tí àmì àrùn bá fi máa hàn, tí ẹni náà kò lè gbé omi mì mọ́, tí ọkàn rẹ̀ ń dà rú, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ikú ló sábà máa ń já sí.

Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ka oṣù mẹ́ta fún ajá tó fẹ́ rìnrìn-àjò. Bí àrùn bá ti wà lára rẹ̀ kí ó tó gba abẹ́rẹ́, yóò ti hàn ní ilé kó tó dé òdìkejì òkun.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́yìn dìgbòlugi ajá láàrin ìlú wọn ní 1922. Kí ó má bàa padà, wọ́n ń sé gbogbo ajá tó bá ti òkè òkun dé mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2000 ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ajá láti àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ní ẹ̀rọ lára, tó gba abẹ́rẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì yege. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2012 ni ọ̀nà abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oṣù mẹ́ta tó ṣí fún ajá láti ilẹ̀ wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá ń ronú àtira ìwé láìgún abẹ́rẹ́. Wọ́n kó ajá 33 àti ológbò kan láti Azerbaijan wọ Chicago. Ìwé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, dìgbòlugi bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀kan nínú àwọn ajá náà, ó sì di pé kí wọ́n máa wá gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kàn án kiri. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ajá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ti wọ́pọ̀ dúró, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ìwé tí kò ní abẹ́rẹ́ nídìí ló kó bá àwọn tó ń ṣe tiwọn bó ti yẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ará ilé

Ọ̀pọ̀ ajá tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní wọ bàlúù láé. Àmọ́ ohun tí ìlú òyìnbó ń bẹ̀rù lára ajá kan tó wà nínú kéèjì, àwọn ọmọdé wa ń bá a ṣeré lójú pópó lójoojúmọ́. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bíi 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, pé Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀, àti pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún.

Agbègbè yìí kò jìnnà sí ìtàn àrùn náà. Ní 1968, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn rí kòkòrò kan lára asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, ní ìgboro Ìbàdàn. Ìbátan kòkòrò dìgbòlugi ni. Orúkọ àdúgbò náà ni wọ́n fi sọ ọ́, Mọ́kọ́lá ni gbogbo onímọ̀ ìṣègùn láyé sì ń pè é títí di òní. Ẹni tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn yóò gba Ọ̀yọ́ kọjá, ilẹ̀ kò ní ṣú kó tó dé Mọ́kọ́lá.

Bẹ́ẹ̀, oògùn ìdènà kò jìnnà. Láti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá gé jẹ lábẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, tí ọmọ náà sì yè, ni ayé ti mọ̀ pé a lè dènà àrùn yìí. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹranko tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn dókítà ẹranko sì wà tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ìlú wa. Ìmọ̀ràn àjọ ìlera àgbáyé ni pé bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan bá ń gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà láti tàn kálẹ̀ mọ́.

Ajá ọdẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà á. Òun ló ń bá ẹran igbó jà, òun náà ló sì ń padà wálé wá sùn lẹ́bàá àwọn ọmọ. Bákan náà ni àwọn tó ń pa ajá fún ẹbọ Ògún tàbí fún títà: wọ́n ń fọwọ́ kan itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀, ojú ọgbẹ́ kékeré lára ìka sì tó fún kòkòrò náà láti wọlé.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ

Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má fi epo pupa, ata, eérú tàbí irun ajá náà sí i. Kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, kódà bí ọgbẹ́ náà kò bá ju ìfarapa kékeré lọ. Bí ajá náà bá ní olówó, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá sáré pa ajá náà tó sì jù ú nù ti pa ẹlẹ́rìí. Pàtàkì ibẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má dúró de àmì àrùn, nítorí pé ọjọ́ tí àmì bá dé, abẹ́rẹ́ kò lè ṣe nǹkan kan mọ́.

Kí ni kí màmá ṣe fún Bingo?

Bí ìrìn-àjò náà kò bá ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mẹ́ta lọ, ó sàn kí Bingo dúró sílé. Oṣù mẹ́rin ìmúrasílẹ̀ àti ọ̀pọ̀ wákàtí nínú kéèjì kì í ṣe ohun tí ajá arúgbó lè fara dà bọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí irú wàhálà kan náà tún ń dúró de màmá nígbà ìpadàbọ̀: ajá tó ń ti òkè òkun wọ Nàìjíríà náà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá ń kó lọ pátápátá tàbí tó fẹ́ lò tó ọdún kan lọ́hùn-ún ni ìnáwó náà lè mọ́gbọ́n wá fún.

Kí màmá wá ẹni tí Bingo ti mọ̀, ọmọ àbúrò tàbí aládùúgbò, kí ẹni náà máa wá fún un lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí màmá tó lọ. Kí wọ́n fi owó oúnjẹ àti nọ́ńbà fóònù dókítà ẹranko sílẹ̀. Kí wọ́n má sì lọ láìjẹ́ pé Bingo ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ọdún náà, kí wọ́n fi káàdì abẹ́rẹ́ náà síbi tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò ti rí i.

Bí màmá bá ṣe èyí, Bingo ti gba apá tó ṣe kókó jù nínú ìwé tí ìlú òyìnbó ń béèrè, bí kò tilẹ̀ kúrò ní Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ tó ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá lọ sí ilé-ìwé náà yóò sì máa lọ, wọn yóò máa bọ̀ láìsí ewu. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ní ajá nílé kò ní láti dúró de ọjọ́ náà kó tó fi okùn sọ́rùn ajá rẹ̀, kó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.